Ewé Igi Ọsàn Inú Ìkòkò: Ìdí Tí Ó Fi Ń Pọ́n àti Bí A Ti Í Tọ́jú Rẹ̀

Ní àwọn ìlú ńláńlá, níbi tí ògiri ilé ti kan ògiri ilé, tí ẹ̀yìnkùlé kò sì ju ibi tí a lè sá aṣọ sí lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí i pé igi ọsàn kò kọ̀ láti gbé inú ìkòkò. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó wọ́pọ̀ jù, nítorí àgbo àti nítorí ẹja. Ṣùgbọ́n a ń rí ọsàn mímu, tanjaríìnì àti lẹ́mọ́ọ̀nù pẹ̀lú, nínú ìkòkò amọ̀, nínú garawa, nínú ike ọ̀dà tí a ti lò tán, àti nínú àgbá tí a gé sí méjì. Igi tí a bá tọ́jú dáradára nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó sì máa so. Ohun kan wà, bí ó ti wù kí ó rí, tí í máa kó ìpayà bá onígi ju ohun gbogbo lọ. Yóò jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, yóò sì rí i pé ewé tí ó dúdú minimini ní oṣù tí ó kọjá ti ń pọ́n bí ìyeyè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nígbà náà gan-an ni ó ń pa igi wọn. Wọn a bu omi sí i. Bí kò bá yí padà, wọn a tún bu omi sí i. Wọn a da eérú sí ìdí rẹ̀. Wọn a ra ajílẹ̀ lọ́jà, wọn a sì bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i. Igi tí ì bá yè bí a bá fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́ a sì kú sọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ewé pípọ́n kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ara gbígbóná kì í ti í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Àmì ni. Ibà a máa mú ara gbóná, egbò tí ó gbọ̀n a máa mú ara gbóná, oòrùn ọ̀sán pàápàá a máa mú ara gbóná. Kò sì sí ọlọ́gbọ́n kan tí yóò fi oògùn kan ṣoṣo wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tí ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀ ni èròjà kan tí igi fúnra rẹ̀ ń ṣe sínú ewé, tí ó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti fi pèsè oúnjẹ rẹ̀. Kí igi tó lè ṣe é, ó ní láti rí náítírójìn, màgníṣíọ̀mù, irin, síńkì àti mangánísì nínú ilẹ̀, òmíràn púpọ̀, òmíràn bíńtín. Gbòǹgbò sì ní láti wà láàyè kí ó tó lè fà wọ́n sókè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọ́n, tàbí bí gbòǹgbò bá ń ṣàìsàn, àwọ̀ tútù náà a ṣá, pípọ́n tí ó ti wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ a sì hàn síta.

Ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé èyí ni ó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí náítírójìn tàbí màgníṣíọ̀mù bá wọ́n, igi a máa gba èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ewé àgbà, a sì gbé e fún ọ̀mùnú, bí ìyá ti í bu oúnjẹ tirẹ̀ fún ọmọ ní àkókò ìyàn. Nítorí náà ewé àgbà tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pọ́n. Ṣùgbọ́n irin, síńkì àti mangánísì kò rọrùn láti gbé kúrò níbi tí wọ́n bá ti fìdí kalẹ̀ sí. Bí àwọn wọ̀nyí bá wọ́n, ewé àgbà a wà ní dúdú bí ó ti wà, ọ̀mùnú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni yóò jáde pẹ̀lú àwọ̀ ṣíṣá. Nítorí náà, kí onígi tó na ọwọ́ mú ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ dúró ti igi náà ní ojú mọ́mọ́, kí ó sì wo ewé tí ó kọ́kọ́ pọ́n. Ṣé ti ìsàlẹ̀ ni, tàbí ti ṣóńṣó ẹ̀ka? Ṣé gbogbo ojú ewé ni ó pọ́n, tàbí iṣan rẹ̀ ṣì tutù? Ẹni tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì wọ̀nyí ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ.

Kí a mú ọ̀kan tí kì í ṣe àrùn rárá kúrò lọ́nà. Ewé ọsàn kì í gbé títí láé. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan sí méjì, a ti gbó, a pọ́n, a sì rẹ̀ sílẹ̀. Bí igi bá ń yọ ọ̀mùnú tí ó tutù yọ̀yọ̀ lókè, tí ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì pọ́n nínú igbó ẹ̀ka lọ́hùn-ún, kò sí ohun tí a ní láti ṣe ju kí a ṣa ewé náà kúrò nílẹ̀ lọ.

Nínú gbogbo ohun tí ń pọ́n ewé ọsàn inú ìkòkò, omi ni olórí. Kì í ṣe àìsí omi; àpọ̀jù rẹ̀ ni, tàbí kí a wí pé, àìríbi-jáde rẹ̀. Kí a fi ojú inú wo ìyá kan tí ń gbé ní Ìbàdàn, tí ó ra igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan ní oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀. Ó gbìn ín sínú ike ọ̀dà ńlá kan, ó lu ihò kan ṣoṣo sí ìdí ike náà, ó sì fi amọ̀ pupa tí àwọn kọ́lékọ́lé wà jáde nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ kún un. Òjò ń rọ̀ sí i lóru; ìyá náà ń bu omi sí i láàárọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń ṣe sí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù keje, iṣan àárín ewé ti ń pọ́n, pípọ́n náà sì ń tẹ̀ lé iṣan kéékèèké lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ní ọ̀sán, ewé a rọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ igi náà. Ìyá náà kò mọ ohun tí ó lè rò: ilẹ̀ tutù rinrin, ewé sì ń rọ. Ó rò pé omi kò tíì tó.

Bí ọ̀ràn náà ti rí nìyí. Gbòǹgbò a máa mí. Láàárín èérún ilẹ̀ dáradára, àwọn àyè wẹ́wẹ́ ń bẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí omi bá kún àwọn àyè náà fún ọjọ́ púpọ̀, afẹ́fẹ́ kò ní ibi tí yóò gbé, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí ń mu omi a sì kú bí ẹni tí ó rì sínú odò. Gbòǹgbò tí ó ti kú kò lè mu omi mọ́, bí ó tilẹ̀ wà láàárín omi. Òùngbẹ ń gbẹ igi náà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ife omi tí a tún bù sí i ń fi kún ikú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀tá kejì a dé: ohun abẹ̀mí tíńtíńní kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytophthora, tí ń gbé inú ilẹ̀ tútù, tí ó sì fẹ́ràn gbòǹgbò ọsàn púpọ̀. A máa jẹ èèpo gbòǹgbò wẹ́wẹ́ jẹrà, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fi ìka fà á, èèpo náà a bọ́ sí wa lọ́wọ́, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ìrù eku ni yóò sì ṣẹ́kù.

Ẹni tí ó bá fura pé omi ni, kí ó ti ìka rẹ̀ bọ inú ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ó bá tutù níbẹ̀, kí ó gbé agbè omi rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó gbé ìkòkò náà sókè díẹ̀ bí ó bá lè gbé e, nítorí ìkòkò tí omi kún inú rẹ̀ wúwo yàtọ̀ sí èyí tí ó ti fẹ́ gbẹ, ọwọ́ a sì tètè mọ ìyàtọ̀ náà ju ojú lọ. Kí ó gbóòórùn ihò ìdí rẹ̀: ilẹ̀ tí ó dára ń run bí igbó lẹ́yìn òjò, ṣùgbọ́n èyí tí gbòǹgbò ti ń rà nínú rẹ̀ ń run bí omi gọ́tà. Bí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bá ara mu, kí ó yọ igi náà jáde ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀. Gbòǹgbò tí ó wà láàyè le, ó sì funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ igi; èyí tí ó kú rọ̀, ó dúdú. Kí ó fi ọ̀bẹ mímú tí a ti fi omi gbígbóná fọ̀ gé gbogbo èyí tí ó kú kúrò. Lẹ́yìn náà, kí ó gé nínú ẹ̀ka òkè pẹ̀lú, bí ìwọ̀n tí ó gé nílẹ̀, kí gbòǹgbò díẹ̀ tí ó kù má baà ní ewé tí ó pọ̀ jù láti bọ́.

Ilẹ̀ tí a ó dá a padà sí ni kí ó jẹ́ ìwọ̀n méjì ilẹ̀dú, ìwọ̀n kan yanrìn odò tí ó rí gaara, àti ìwọ̀n kan ìgbẹ́ ẹran tàbí ewé tí ó ti jẹrà pátápátá. Ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó tó ìka ènìyàn ni kí ó wà ní ìdí ike, kì í ṣe ẹyọ kan. Kí a gbé ike náà lé orí bíríkì méjì, kí omi lè rí ọ̀nà sá lọ, kí ihò má sì dí mọ́ ilẹ̀. Bí a bá ní àwo lábẹ́ rẹ̀, kí a máa da omi inú àwo náà nù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí ìkòkò kí wọ́n tó bu ilẹ̀ lé e, wọ́n sì gbàgbọ́ pé omi yóò tipa bẹ́ẹ̀ sọ̀ dáradára. Àṣà àtijọ́ ni, kò sì ní èrè. Omi kì í fẹ́ kúrò nínú ilẹ̀ kíkúnná bọ́ sínú òkúta títí ilẹ̀ náà yóò fi mu omi yó. Nítorí náà ibi tútù náà kò kúrò, a kàn gbé e sún mọ́ gbòǹgbò sí i ni. Àpáàdì kan tí a tẹ́ bo ihò kí ilẹ̀ má baà ṣàn jáde ti tó.

Lẹ́yìn àtúngbìn, kí igi náà wà lábẹ́ ìbòòji fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a má sì fún un ní ajílẹ̀ kankan títí yóò fi yọ ọ̀mùnú. Láti ìgbà náà lọ, kí a máa bomi rin ín ní àbọ̀mutẹ́rùn, títí omi yóò fi jáde ní ìdí ike, kí a sì fi í sílẹ̀ títí ojú ilẹ̀ yóò fi gbẹ ní ìwọ̀n oríkèé ìka méjì. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni ìwà tí ó burú jù, nítorí pé òkè a tutù, ìsàlẹ̀ kò sì ní ìwọ̀n kan pàtó: nígbà mìíràn a gbẹ táútáú, nígbà mìíràn a di ẹrọ̀fọ̀.

Ebi ni ó tẹ̀ lé omi. Igi tí ó wà nínú oko a máa na gbòǹgbò rẹ̀ lọ wá oúnjẹ. Ti inú ìkòkò kò ní ibi tí yóò lọ, gbogbo omi tí ó sì jáde ní ìdí ìkòkò ń kó díẹ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ náítírójìn ni ó tán, ewé àgbà a pọ́n láti iṣan dé etí, ní ìwọ̀n kan náà, láìsí àbàwọ́n; ewé tuntun a kéré, ìdàgbà a sì falẹ̀. A máa rí i púpọ̀ lára igi tí a ti fi sínú ike kan náà fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta láìfún un ní nǹkan kan, àti lára èyí tí a da ìràwé igi pákó tútù mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn ohun abẹ̀mí tí ń jẹ pákó náà jẹrà ń bá igi du náítírójìn kan ṣoṣo tí ó wà.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro. Imí adìẹ tí ó ti jẹrà fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán dára púpọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan fún ike oní-lítà 20, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àkọ́rọ̀ àti ní oṣù kẹsàn-án, ti tó. Tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò bí iná, ẹni tí kò bá sì lè dúró kí ó jẹrà sàn kí ó má lò ó rárá. Bí ó bá jẹ́ ajílẹ̀ àpò, irú èyí tí a kọ 15-15-15 sí lára, ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì kan, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ní ìgbà òjò, ni ó yẹ fún igi inú ike. Kí a wọ́n ọn yí etí ike ká, jìnnà sí ìdí igi, sórí ilẹ̀ tí ó tutù tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ṣíbí kan kéré, kí ó rántí pé ike ni ó ń bọ́, kì í ṣe oko.

Màgníṣíọ̀mù ní àmì tirẹ̀, ó sì rọrùn láti dá mọ̀. Ewé àgbà ni ó ń mú, ṣùgbọ́n kì í pọ́n tán. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì a pọ́n, apá ìdí ewé níbi tí ó ti so mọ́ ẹ̀ka a sì tutù síbẹ̀, ní ìrísí orí ọfà tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ṣóńṣó ewé. Ó wọ́pọ̀ lára igi tí ó ń so èso púpọ̀. Iyọ̀ Epsom tí a ń tà ní ilé oògùn, èyí tí àwọn àgbà ń mu láti fi ṣan inú, ni ìtọ́jú rẹ̀. Kí a po ṣíbí ìpo-tíì kan mọ́ omi lítà kan, kí a fi wọ́n ewé lókè àti nísàlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí a sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

Wàyí o, bí ó bá jẹ́ ọ̀mùnú ni ó pọ́n ńkọ́? Níhìn-ín ni eérú ti wọ inú ọ̀ràn. Ọsàn fẹ́ ilẹ̀ tí ó kan díẹ̀, tàbí tí kò kan tí kò sì tẹ́. Eérú àti ẹfun ń pa kíkan ilẹ̀ run. Omi ọṣẹ tí a fi fọ aṣọ ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ìkòkò tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ, bí ó bá ṣì tuntun, ń tú ẹfun inú rẹ̀ sínú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá bomi rin ín. Nígbà tí kíkan ilẹ̀ bá ti lọ pátápátá, irin, síńkì àti mangánísì ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti le gbagidi, gbòǹgbò kò sì lè yọ́ wọn mu mọ́. Ìdí nìyí tí rírì ìṣó dídípẹtà mọ́ ìdí igi kò fi wúlò. Ilẹ̀ pupa ilẹ̀ Yorùbá kún fún irin. Irin náà gan-an ni ó sọ ọ́ di pupa. Kì í ṣe irin ni ó wọ́n, ọ̀nà tí a ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó dí.

Àìrí irin a máa mú kí ojú ewé tuntun pọ́n tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, gbogbo iṣan rẹ̀ a sì tutù kedere, bí àwọ̀n tí a fi òwú tútù hun. Ti síńkì yàtọ̀: ewé tuntun a kéré, a rí tẹ́ẹ́rẹ́, a dúró gangan, oríkèé ẹ̀ka a sún mọ́ ara wọn, àbàwọ́n pípọ́n a sì wà láàárín iṣan kan àti èkejì. Ti mangánísì jọ èyí, ṣùgbọ́n ewé kì í kéré, ìlà tútù tí ó tẹ̀ lé iṣan a sì fẹ̀ díẹ̀. Kò pọn dandan kí onígi lè ya síńkì sọ́tọ̀ kúrò lára mangánísì, nítorí wọ́n a máa rìn pọ̀, àwọn tí ń ta oògùn oko sì ní àpòpọ̀ tí ó ní méjèèjì àti irin nínú, tí a ń po mọ́ omi láti fi wọ́n ewé. Kí a tẹ̀ lé ìwọ̀n tí a kọ sí ara rẹ̀, kí a sì wọ́n ọn nígbà tí ewé tuntun bá ti fẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀, kí ó tó le. Ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ ni yóò fi ṣiṣẹ́ bí a kò bá mú ìdí rẹ̀ kúrò: kí a dáwọ́ eérú àti omi ọṣẹ dúró, kí a gbé igi kúrò nínú ìkòkò sìmẹ́ǹtì bọ́ sínú òmíràn, kí a sì pa ilẹ̀ rẹ̀ dà. Kí a rántí pẹ̀lú pé ilẹ̀ tí omi kún ń fa irú àmì yìí, nítorí gbòǹgbò tí kò mí kò lè fa irin. Nítorí náà ìka oríkèé méjì ni kí ó kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ kí owó tó jáde nínú àpò.

Bí ṣóńṣó ewé bá jó bíi pé iná rà á, tí funfun bí iyọ̀ sì tò sí etí ìkòkò, àjẹjù ajílẹ̀ ni, tàbí omi kànga tí ó ní iyọ̀, bí a ti í rí i létí òkun. Kí a da omi òjò sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, ní ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ìkòkò náà, kí ó máa ṣàn jáde nísàlẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ajílẹ̀ sinmi fún oṣù méjì.

Kí a yí ewé padà kí a tó parí àyẹ̀wò, nítorí lẹ́yìn ewé ni àwọn kòkòrò ń fara pamọ́ sí. Bí ojú ewé bá ní ẹ̀kún àmì wínníwínní bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, tí okùn bí ti aláǹtakùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kòkòrò pupa tíńtín tí ń mu omi ewé ni. Ìgbà ọyẹ́ ni ó ń pọ̀. Bí èèrà bá ń tò lọ tò bọ̀ lórí ẹ̀ka, kí a tọ ọ̀nà wọn lọ, a ó bá àwọn kòkòrò tí ó lẹ̀ mọ́ igi bí èépá, tàbí tí ó funfun bí òwú, tí èèrà ń ṣọ́ bí darandaran ti í ṣọ́ màlúù nítorí omi dídùn tí ń ti ara wọn jáde. Aṣọ tútù tí a fi omi ọṣẹ díẹ̀ rẹ ni kí a fi nù wọ́n kúrò, ewé kan lẹ́yìn èkejì, kí a sì fi omi lásán ṣan igi náà lẹ́yìn èyí, kí a má jẹ́ kí omi ọṣẹ náà ṣàn sínú ìkòkò. Epo kẹrosíìnì tí àwọn kan ń dà sí igi ń pa kòkòrò, ó sì ń pa ewé.

Fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gbin kóró ọsàn sínú ìkòkò lẹ́bàá fèrèsé, ìgbà òtútù ni ewé ń pọ́n jù. Bí ilẹ̀ inú ìkòkò bá tutù tó bíi 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gbòǹgbò ọsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ mọ́, bí yàrá tilẹ̀ móoru. Kí wọ́n gbé ìkòkò kúrò lórí ilẹ̀ títutù, kí wọ́n fi í sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, kí wọ́n sì dín omi kù gidigidi títí ojú ọjọ́ yóò fi yí padà.

Ó kù ọ̀kan tí kò ní ìwòsàn. Àrùn kan wà tí àwọn ará Ṣáínà fún ní orúkọ Huanglongbing. Kòkòrò tíntìnní tí a ń pè ní Diaphorina citri ni ó ń gbé e láti igi dé igi nígbà tí ó bá ń mu omi ọ̀mùnú. A rí àrùn náà ní ilẹ̀ Brazil ní ọdún 2004, a sì rí i ní Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2005. Láàárín ogún ọdún, ó ti sọ ọ̀pọ̀ oko ọsàn Florida di ilẹ̀ àpatì. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kéde pé kòkòrò tí ń gbé e náà ti wà ní Nàìjíríà. Nítorí náà ó yẹ kí onígi mọ àmì rẹ̀. Kí ó já ewé kan tí ó pọ́n, kí ó fi iṣan àárín rẹ̀ ṣe ààlà, kí ó sì fi apá ọ̀tún wé apá òsì. Bí ó bá jẹ́ ebi ni, apá méjèèjì a jọ ara wọn bí ojú àti ojú. Bí ó bá jẹ́ Huanglongbing, wọn kì í jọra: àbàwọ́n ńlá a wà lápá kan, kékeré lápá kejì, yóò sì kọjá lórí iṣan láìbìkítà. Ẹ̀ka kan ṣoṣo lè pọ́n nígbà tí gbogbo ìyókù ṣì dúdú. Èso a kéré, a wọ́ sápá kan, ìdí rẹ̀ a sì kọ̀ láti pọ́n.

Ẹni tí ó bá rí irú èyí, kí ó má ṣe gé ẹ̀ka lára igi náà fún ẹnikẹ́ni láti lọ gbìn, kí ó má sì gbé ìkòkò náà kúrò ní àdúgbò. Kí ó ya fọ́tò ewé náà ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, kí ó sì mú un lọ fi han òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn àgbẹ̀ ní agbègbè rẹ̀, tàbí ilé ìwádìí ìjọba nípa èso àti ẹ̀fọ́ tí a ń pè ní NIHORT, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975. Bí wọ́n bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ni, híhú igi náà àti sísun ún ni ó kù, kí àwọn igi aládùúgbò lè yè.

Ní ti àwọn ìyókù, sùúrù ni onígi yóò fi kún ìtọ́jú. Ewé tí ó ti pọ́n tán kì í sábà dúdú mọ́, kò sì yẹ kí a fi í ṣe òṣùwọ̀n bóyá oògùn ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ọ̀mùnú tí yóò yọ lẹ́yìn ìtọ́jú ni kí a máa wò. Yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ní ìgbà òjò, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọyẹ́ bá ti dé. Láàárín àkókò náà, kí a má ṣe fi ìtọ́jú kejì lé ti àkọ́kọ́ lórí, nítorí bí igi bá yè, a kò ní mọ èyí tí ó gbà á là, bí ó bá sì kú, a kò ní mọ èyí tí ó pa á.